Ẹni Tó Dáhùn Lábẹ́ Ọkọ̀ Bàbá

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú àjò, ẹ kú òtútù. Ẹ bá mi kí àwọn tí ẹ jọ ń gbélé. Orúnkún Màmá ti fúyẹ́ látìgbà tí oògùn tí ẹ fi ránṣẹ́ ti dé. Ẹnu wọn nìkan ni kò sinmi. Òrùlé yàrá yín ò jò mọ́.

Ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ tó ń fi èédú àti omi rìn, èyí tí Bàbá wà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, a ti tún un ṣe tán fáwọn tó máa wá wò ó. Láàárọ̀ àná, a dáná sí i, Màmá náà wá wòran. Ẹ ṣáà rántí àṣà Bàbá: kí wọ́n tó wà á, wọ́n á fi sípánà kan ara rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ṣì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, á kàn án padà, wọn ò sì ní wà á.

Mo kàn án. Ẹnì kan kàn án padà.

Bẹ́ẹ̀ gbogbo wa la wà níta. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wo abẹ́ rẹ̀: kò séèyàn. Mo tún kàn án. Ó tún dáhùn, ẹ̀ẹ̀mejì kíákíá, ó sinmi, ó wá kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ẹ ṣe máa ń kàn án nígbà tí ẹ ń bá Bàbá fi gíríìsì sí i. Màmá bú sẹ́kún: "Ọwọ́ àkọ́bí mi nìyẹn!"

A pe fóònù yín títí, kò wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wá, kódà kó jẹ́ láti bú mi. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. A ti paná ọkọ̀ náà. Mi ò ní jẹ́ kẹ́nikẹ́ni wà á, àfi tí mo bá gbóhùn yín, kí n mọ̀ pé ẹ ò sí lábẹ́ rẹ̀.

Àbúrò yín.