Àwòrán Kẹrìnlá

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ọpẹ́ o! Ọdún méjì gbáko ni mo fi bá wọn jiyàn ní ilé ẹ̀kọ́ yìí pé àwọn àwòrán ojú tí a fi ń kọ́ àwọn agbaninímọ̀ràn tẹ́lẹ̀ kò wúlò. Òṣèré ló wà nínú gbogbo wọn. Ẹni tó ń bínú ya ẹnu, ẹni tí inú rẹ̀ bà jẹ́ fa ojú ro. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílé? Ẹni tí ìdààmú bá, á ní "kò sí nǹkan", á sì máa fọ àwo lọ. Bí agbaninímọ̀ràn kò bá lè rí i lójú ẹni bẹ́ẹ̀, kí la wá ń kọ́ wọn?

Mo bá gba àwòrán lọ́wọ́ àwọn ará ilé mi. Mẹ́rìnlélógún. Mo ní kí kálukú fi èyí tí inú rẹ̀ ti dùn jù ránṣẹ́, tàbí èyí tí inú rẹ̀ ti bà jẹ́ jù. Èmi fúnra mi ni mo kọ ìmọ̀lára sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kẹrìnlá ni mo fẹ́ràn jù: àbúrò mi, Ẹlẹ́yinjú, nínú pálọ̀ rẹ̀, eyín síta. Mo kọ AYỌ̀ sí i gàdàgbà. Ogójì ènìyàn ni yóò wò wọ́n. Kálukú á mú ọ̀kan fún àwòrán kọ̀ọ̀kan: ayọ̀, ìbẹ̀rù, ìbínú, ìbànújẹ́, ìyàlẹ́nu, ìríra.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Èèyàn ogún lónìí. Ẹsẹ̀ mi wú. Inú mi dùn.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Oníṣirò—ọkùnrin tó ń bá mi to èsì—wọlé, kò dá àpárá tó máa ń dá. Ìyẹn nìkan ti tó kí àyà mi já. Ó ní mẹ́tàlélógún lọ bó ṣe yẹ. Kẹrìnlá ńkọ́? Nínú ogójì ènìyàn, mọ́kànlélọ́gbọ̀n mú ìbẹ̀rù. Mẹ́ta péré mú ayọ̀.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ó ti rẹ̀ wọ́n ni, wọ́n kàn ń mú ohun tó bá wù wọ́n. Ó ní ṣé orí àwòrán kan ṣoṣo ló ti rẹ̀ wọ́n. Mo ní kó yọ ọ́ kúrò, kó má bà mí nínú jẹ́. Ó ní, Dókítà, ẹ fi ìwé bo ẹnu rẹ̀ ná, kẹ́ ẹ wo ojú nìkan.

Mo fi ìwé bo ẹnu rẹ̀.

Ha.

Ojú yẹn kì í ṣe ojú ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Èmi! Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo ti wo àwòrán yẹn tó ìgbà ọgọ́rùn-ún, eyín ni mò ń kà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Mo pe Ẹlẹ́yinjú lórí fóònù, mo bi í pé kí ló ń ṣe é. Ó ní kò sí nǹkan, ẹ̀gbọ́n mi. Mo tún béèrè. Kò sí nǹkan, ẹ má dààmú. Mo ní ṣé ó dá a lójú. Ó ní òun ti ní kò sí nǹkan. Ẹ̀ẹ̀mẹta! Èmi náà ni mo ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé ẹni tó bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, nǹkan wà.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Ẹlẹ́yinjú nígbà tí ìyá wa kú. Èmi ni mo tọ́ ọ. Mo rán an nílé ìwé, mo yan iṣẹ́ fún un, díẹ̀ ló kù kí n yan ọkọ. Ta ló wá ń dẹ́rù ba ọmọ mi?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Mo pe èèyàn mẹ́wàá mìíràn, bóyá èsì á yí. Kò yí.

Bàbá kan wà nínú wọn, télọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. Ó dúró pẹ́ níwájú kẹrìnlá. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó. Ó ní, "Ìbẹ̀rù ni. Àmọ́ ta ló ya fọ́tò yìí?" Mo ní kí ni ìyẹn kàn nínú. Bàbá ní ogójì ọdún lòun fi wọn èèyàn. Ẹni tára bá tù, téèpù ló máa ń wò, tàbí kó wo ògiri. Ẹni tẹ́rù bá ń bà, ẹni tó mú téèpù dání ló ń wò. "Ọmọ yìí ò wo kámẹ́rà, Dókítà. Ẹni tó mú un dání ló ń wò."

Mo jókòó sórí àga tí wọ́n tò fún àwọn olùkópa. Pálọ̀ wọn ni. Ta ni yóò yà á nínú pálọ̀ wọn bí kò ṣe ọkọ rẹ̀?

Jẹ́jẹ́! Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí kì í gbé ohùn sókè. Ó ń tún fíríìjì ṣe, ó ń bá ìyàwó rẹ̀ fọ aṣọ. Mo ti ń fi í ṣe àpẹẹrẹ fún gbogbo ẹbí. Àṣé a ò mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Ọjọ́ ìgbaninímọ̀ràn. Èèyàn mẹ́rin. Gbogbo wọn sunkún, gbogbo wọn dúpẹ́. Ọ̀kan ní òun ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí láyé òun. Mò ń mi orí, ọkàn mi wà lọ́dọ̀ Jẹ́jẹ́. Mo ti to ohun tí màá sọ sẹ́nu.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe.

Mi ò sọ fún wọn pé mò ń bọ̀. Jẹ́jẹ́ ló ṣílẹ̀kùn. Ó kí mi, mi ò dáhùn. Mo na àwòrán sí i lójú, mo ní kí lo ń fi àbúrò mi ṣe nínú ilé yìí? Mo sọ púpọ̀. Mo pè é ní ìkà. Mo ní mo ti tọ́jú yàrá sílẹ̀ fún Ẹlẹ́yinjú lọ́dọ̀ mi, ẹrù rẹ̀ ni mo wá kó. Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n, èmi kọ́ ni mo yà á. Ẹ bi í."

Ẹlẹ́yinjú ti jáde láti kíṣìnì, ọṣẹ lọ́wọ́. Ó wo àwòrán. Ó wò mí.

"Ẹ̀yin lẹ yà á, ẹ̀gbọ́n mi."

Mo ní irọ́ ni. Ó ní fóònù òun ni mo gbà lọ́wọ́ òun, lọ́jọ́ ìbí òun. Ó ní mo já wọlé láìsọtẹ́lẹ̀, bíi tòní. Ó ní mo sọ fún òun pé irú ojú wo lo gbé kọ́ lọ́jọ́ ayọ̀ yìí, rẹ́rìn-ín jàre. Mo ní kò tíì tó, fi eyín hàn. Mo ní ẹ̀hẹ́n, èyí dára. Ìdí tó fi fi í ránṣẹ́ sí mi nìyẹn: èmi ni mo ti sọ pé ó dára.

Mo rántí. Ọlọ́run mi, mo rántí.

Ó ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú ọjọ́ yẹn ni oyún oṣù mẹ́ta bà jẹ́ lára òun. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé oyún wà. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó parí ìdánwò iṣẹ́ rẹ̀ ná kó tó lóyún.

Mo ní kí ló dé tó ò sọ fún mi? Ṣebí iṣẹ́ mi nìyí! Ohùn mi ti lọ sókè, èmi náà gbọ́ ọ. Ó ní, "Ṣẹ́ ẹ gbọ́? Ohùn yẹn." Ó ní oyún yẹn dun òun wọ egungun, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló ba òun lẹ́rù lọ́jọ́ náà. Òun sọ fún ọkọ òun. Òun sọ fún obìnrin tó ń dirun fún òun. Òun tiẹ̀ sọ fún awakọ̀ takisí kan tí òun ò mọ̀ rí. "Ẹ̀yin nìkan ni mo ń sá fún. Ohun tí mo ṣe tó fi bà jẹ́ lẹ máa kọ́kọ́ bi mí."

Mo fẹ́ sọ pé mi ò ní béèrè. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn gan-an ló ti wà lẹ́nu mi nígbà tó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Mo máa ń pa òwe yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo bẹ Jẹ́jẹ́ lórí fóònù. Ó ní ó ti tán. Ojú tì mí débi pé mi ò mọ bí mo ṣe dágbére. Oníṣirò béèrè ibi tọ́rọ̀ kẹrìnlá já sí. Mo ní àwọn olùkópa ló gbà á, èmi ni mo ṣì í. Kò dápàárá lónìí náà.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Ẹlẹ́yinjú pè lọ́sàn-án. Ó ní òun fẹ́ sọ nǹkan, àmọ́ kí n má sọ̀rọ̀. Mo di ẹnu mú. Ìṣẹ́jú kan. Méjì. Mò ń gbọ́ èémí rẹ̀. Gbogbo ìbéèrè tí mo mọ̀ láyé rọ́ wá sẹ́nu mi, mo ń gbé wọn mì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi…" Ẹ̀rù wà nínú ohùn yẹn. Mi ò nílò ogójì ènìyàn kó tó yé mi.

Ó ní, "Mi ò tíì lè sọ ọ́ fún yín."

Mo ní ó dáa. Ó pa fóònù.