Méjìdínlógójì La Gbéra, Méjìdínlógójì La Dé

Àkọ́bí mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí ẹni tí a kò tíì rí tó ń tàpá nínú rẹ̀. Ṣé ara yín le? Ṣé ẹ ń rí oorun sùn? Tiwa níhìn-ín kò burú, ọpẹ́ ni fún Ẹlẹ́dàá. Ìyá rẹ ń kí ọ. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn kò jò mọ́, ewúrẹ́ ti bí ìbejì, káfíńtà aládùúgbò wa sì ti bá wa tún ilẹ̀kùn tí o máa ń fi òkúta tì ṣe, ṣùgbọ́n òdì ló kàn án, ìta ló ń ṣí sí báyìí, ojoojúmọ́ ló sì ń gbá mi nímú. Kò sí ẹni tó kú, kò sí ẹni tó sá lọ. Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí o má baà rò pé ìdààmú ló mú mi kọ ohun tí mo fẹ́ kọ yìí.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní mo dójú tì ọ́. O ní àwọn tó ni ọkọ̀ ayára náà kọ̀wé sí fóònù rẹ pé mo dá ọkọ̀ wọn dúró fún ogún ìṣẹ́jú, mo sì bá awakọ̀ wọn jà, àti pé àfi kí n tọrọ àforíjì kí wọ́n tó tún lè gbé mi. N kò bá ẹnikẹ́ni jà. Fara balẹ̀ kí n rò ó fún ọ, ẹnu oníkàn la ti í gbọ́ pọ̀ọ́n.

Lọ́jọ́ tí o fi mí sínú ọkọ̀ pé kí n máa bọ̀ nílé, gbogbo ohun tí o ní kí n ṣe ni mo ṣe. O ní ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú ni, àpò kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ èrò, nítorí náà mo wọ ṣòkòtò mẹ́ta àti ẹ̀wù mẹ́rin, mo sì jókòó bí àpò ìrẹsì. Mo de bẹ́líìtì àga mọ́ra, mo so àpò mi mọ́ ọn pẹ̀lú, kí ewu má ṣe àwa méjèèjì. Obìnrin kan tó ń gbé inú àjà ọkọ̀ kí wa káàbọ̀. N kò rí i, ṣùgbọ́n mo dá a lóhùn, mo sì bi í bóyá àyè gbà á dáadáa lókè yẹn. Kò fèsì. Kò burú, ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìgbàkígbà tó bá sọ̀rọ̀ ni mo ń kí i kú iṣẹ́, títí obìnrin télọ̀ kan tó jókòó tì mí fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi kí i, tó ń rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn pé òun rí ẹni tó mọ ìkíni.

Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, a dúró ní ilé epo kan kí a lè na ẹsẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ tọ̀ sì lọ tọ̀. Obìnrin inú àjà ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré. Nígbà tí a padà wọlé, mo dìde, mo kà wá. O mọ̀ pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe fọ́máànù níbi tí a ti ń fọ́ òkúta. Kí a tó fi ẹ̀tù fọ́ àpáta, mo máa kà wá. Kí ọkọ̀ tó gbé wa lọ sílé, mo tún kà wá, èmi ni mo sì máa ń ka ara mi kẹ́yìn. Méjìdínlógójì la gbéra láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo kà wá, mẹ́tàdínlógójì ni. Mo tún un kà láti ẹ̀yìn wá síwájú, mẹ́tàdínlógójì náà ni. Àga télọ̀ ṣófo, gèlè rẹ̀ wà lórí rẹ̀.

Awakọ̀ ti tan ẹ́ńjìnnì. Mo ní kó dúró, ènìyàn kan kù. Ó ní kí Baba jókòó, ẹ̀rọ ti kà wá nígbà tí a ń wọlé láàárọ̀. Mo ní ẹ̀rọ ka àwọn tó wọlé láàárọ̀, ta ló ka àwọn tó jáde lọ́sàn-án? Ọmọbìnrin tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò ní òfin ni, ọkọ̀ àwọn kì í dúró de ẹnì kan. Ọkùnrin kan láti ẹ̀yìn ní ṣé n kò gbọ́ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ ni. Mo ní èmi ò ka ọmọ ẹnikẹ́ni, èrò ni mo ń kà, òun gan-an ni ẹni kẹtàlélọ́gbọ̀n, kó máa dúpẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n já arúgbó náà sílẹ̀ kó lọ bá télọ̀ rẹ̀. Ni mo bá lọ sẹ́nu ọ̀nà, mo fi ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo fi ìkejì sórí àtẹ̀gùn, mo sì sọ fún awakọ̀ pé bó bá fẹ́ lọ, kó gbé ìdajì mi lọ.

O mọ ìdí rẹ̀. O mọ bí ẹsẹ̀ ọ̀tún àbúrò mi ṣe rí. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni n kò kà wá nínú ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, nítorí pé òjò ṣú, gbogbo wa sì ń kánjú. Abẹ́ òkúta ni àbúrò mi wà títí di ọjọ́ kejì. Nígbà tí a rí i, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò kà wá ni?

Nígbà tí wọ́n rí i pé n kò kúrò, ọmọbìnrin náà sọ̀kalẹ̀ lọ wò. Kọ́kọ́rọ́ ilé ìtọ̀ ló há, tí kò ṣí mọ́. Télọ̀ ti lu ilẹ̀kùn títí ọwọ́ rẹ̀ fi wú, ariwo jẹnẹrétọ̀ ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Ó wọlé tòun ti omijé. Ẹni kẹtàlélọ́gbọ̀n ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Wọn ò kọ ìyẹn sí fóònù rẹ.

Kò pẹ́ tí mo délé, wọ́n tún fi fóònù bi mí pé ìràwọ̀ mélòó ni mo fún ìrìn àjò náà. Mo ní kí káfíńtà bá mi dá wọn lóhùn pé ojúmọmọ la rìn, n kò rí ìràwọ̀ kankan, àmọ́ oòrùn ràn dáadáa.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, mo lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì tí n ó fi wá bá yín nígbà ìkúnlẹ̀ ìyàwó rẹ. Wọ́n ní ẹni tó bá tètè rà á ni owó rẹ̀ ń dín, nítorí náà mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù onífóònù kí àkùkọ tó kọ. Onífóònù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ni wọ́n ń pè ní títètè, kì í ṣe ìdájí. Mo ní kó ṣáà ta á fún mi lówó ẹni tó tètè, mo ti jí ná. Ó tẹ orúkọ mi, ẹ̀rọ kọ̀ mí. Ẹ̀rọ náà gbé àpótí kékeré kan jáde lójú fóònù pé kí n fi àmì sínú rẹ̀, kí n gbà pé mo ṣẹ̀, n kò sì ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìyá rẹ tó bá mi lọ ní kí n fi àmì síbẹ̀, ṣebí àpótí òfìfo ni. Mo ní kò ṣófo, èmi ni wọ́n fẹ́ kó sínú rẹ̀. Wọ́n fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ fún àlàyé, mo sì ní kí onífóònù kọ ọ́ síbẹ̀ pé méjìdínlógójì la gbéra, méjìdínlógójì la dé, ẹ kú iṣẹ́.

Ìwọ náà, má fi àmì sí i fún mi. Mo mọ̀ pé ìka ń yún ọ. O ní bí n kò bá tọrọ àforíjì, ọmọ-ọmọ mi àkọ́kọ́ yóò dé ayé láìsí èmi níbẹ̀. Irọ́ ni. Mo ti wádìí lọ́dọ̀ àwọn awakọ̀ tó ń ná ojú ọ̀nà wa: ọkọ̀ mẹ́ta ni n ó wọ̀, ọjọ́ méjì ni, gbogbo wọn ló ń dúró de èrò, kò sì sí obìnrin kankan nínú àjà wọn. Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ránṣẹ́, kí o fi díẹ̀ lé e kí ìyá rẹ fi ra òróró tó fi ń pa orúnkún. Bí kò bá sí lọ́wọ́ rẹ, máa wo ojú ọ̀nà, ẹsẹ̀ mi kò béèrè àforíjì kó tó gbé mi.

Tí ẹ bá dé ilé ìwòsàn, ẹnu ọ̀nà ni kí ẹ ti wá mi, ẹsẹ̀ kan níta, ẹsẹ̀ kan nínú. Bí nọ́ọ̀sì bá ní òfin ni, kó lé ìdajì mi jáde. Ẹ̀yin méjì lẹ ó wọlé, ẹ̀yin mẹ́ta lẹ ó jáde. N ó kà yín.

Iye wa kò ní dín, ńṣe ni yóò máa lé sí i. Nílé, lójú ọ̀nà, níbi iṣẹ́, wọn ò ní kà ọ́ kù. Ibi tí wọ́n bá sì ti fẹ́ fi ọ́ sílẹ̀ lọ, o ò ní ṣàìrí ẹni tí yóò fi ẹsẹ̀ dí ilẹ̀kùn nítorí tìrẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
ẹni kejìdínlógójì.