Ata Bàbá Líù Kì í Ṣe Májèlé

Ojúlé Kẹrìnlá,
Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí,
Ṣómólú, Èkó.
Ọjọ́ kẹta, oṣù kọkànlá, 1957.

Ìyá Fọlọ́runṣọ́, Sabina ọ̀rẹ́ mi,

Mo rí bàtà rẹ. Kí ọkọ rẹ má tún sọ fún mi pé o lọ ra ẹja ní Ìkòròdú, torí bàtà aláwọ̀ ewé tí a jọ rà ní ilẹ̀ Ṣáínà wà lẹ́nu ọ̀nà, mo sì gbọ́ ikọ́ rẹ nínú yàrá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fẹsẹ̀ rìn láti Ṣómólú wá bá ọ ní Bàrígà. Ó tó. Mo wá mú gègé lónìí. Tí ọwọ́ ìwé mi bá wọ́, o kúkú mọ̀ pé ara ìwé ìròyìn tí mo fi ń gé bátánì aṣọ ni mo ti fúnra mi kọ́ A-B-D.

Ṣé àlàáfíà lo wà ṣá? Ikọ́ yẹn ńkọ́, ṣé o ń fi oyin sí i? Bàbá Fọlọ́runṣọ́ ńkọ́, ṣé ọ̀sà ń fún un lẹ́ja? Fọlọ́runṣọ́ ńkọ́, ṣé eyín iwájú rẹ̀ ti hù padà? Tèmi, mo wà láàyè, ọkọ mi wà, ẹ̀rọ ìránṣọ mi ń dún. Ọkàn mi nìkan ni kò balẹ̀.

Lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ Mèí, ọmọbìnrin tó ń gbufọ̀ fún wa ní Ṣáínà. Òyìnbó ló fi kọ ọ́. Wàhábì, akọ̀wé ilé ìtẹ̀wé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ló kà á fún mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ní kó kà á. Wọ́n ti lé Bàbá Líù, alásè etí odò yẹn, kúrò nídìí ìkòkò rẹ̀. Ẹrù ló ń rù báyìí lórí àtẹ̀gùn ìlú Ṣọ́nkíìn, àgbà ọkùnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Wọ́n á tún ẹjọ́ rẹ̀ gbọ́ nínú oṣù kìíní. Mèí ní tí méjì nínú àwa mẹ́ta tó fọwọ́ síwèé bá lè kọ̀wé pé májèlé kọ́ ni a jẹ, wọ́n á dá a sílẹ̀. Tí a ò bá kọ, ibi tí wọ́n máa gbé e lọ, Mèí ní òun ò lè kọ ọ́ sínú lẹ́tà.

Mo mọ̀ pé o ò gbàgbé, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí o má bàa ní mo parọ́ mọ́ ọ.

Àwa mẹ́ta ni ẹgbẹ́ àwọn obìnrin wa rán lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ní Ṣáínà: ìwọ, èmi, àti Ìyá Ẹgbẹ́, Màmá Adébùnmí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko, búrẹ́dì, ẹyin bíbọ̀ àti ọbẹ̀ funfun ni wọ́n ń fún wa, torí wọ́n rò pé ẹnikẹ́ni tó bá ti òkè òkun wá, ẹnu òyìnbó ló ní. Ta ló kọ́kọ́ ráhùn? Èmi ni. Nígbà tí a dé Ṣọ́nkíìn, tí òórùn ata gbígbẹ ń gba ojú fèrèsé wọlé, tí ìwọ ń sín lemọ́lemọ́, mo sọ fún Mèí pé a ò jẹ búrẹ́dì mọ́, oúnjẹ ata yẹn la fẹ́. Ó ní oúnjẹ àwọn aláàárù àti atukọ̀ nìyẹn, kì í ṣe ti àlejò. Mo ní, "Ọmọ mi, apẹja lọkọ ọ̀rẹ́ mi yìí. Mú wa lọ."

Rántí àtẹ̀gùn yẹn, tí a ń sọ̀ kalẹ̀ títí orúnkún Ìyá Ẹgbẹ́ fi ń gbọ̀n, kí a tó dé etí odò. Rántí ìkòkò Bàbá Líù lórí èédú, bí epo inú rẹ̀ ṣe pọ́n tó ń hó kíkankíkan, àti ṣàkì, àti ẹ̀dọ̀, àti fùkù tó gé wẹ́wẹ́ sínú àwo. Ìwọ lo pariwo pé, "Sìmbí, ṣàkì rè é o! Ṣé a ò ti dé Bàrígà báyìí?" Bàbá Líù fẹ́ fi ata mọ níwọ̀n fún wa. Èmi ni mo juwọ́ sí i pé kó bù sí i. Ó rẹ́rìn-ín, ó da ata gbígbẹ sí i, ó tún da àwọn kóró wínníwínní kan bí iyèré lé e. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo gbà á.

A jẹ, a làágùn, imú ń ṣomi, ara wa sì balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí a ti kúrò nílé. Ìgbà tó yá ni ètè bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ahọ́n wá ń gbọ̀n bíi ti ọmọ tó lá bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Ìwọ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, o ní o ò mọ ibi tí ẹnu rẹ wà mọ́. Ni Ìyá Ẹgbẹ́ bá fò dìde: "Wọ́n ti fún wa jẹ! Sabina, Sìmbíátù, májèlé ni!" Wọ́n fa ìgò epo pupa tí wọ́n gbé láti Èkó yọ nínú báàgì wọn, wọ́n gbé e mu. Wọ́n gbé e fún ọ, o mu. O gbé e fún mi, èmi náà mu. Gbogbo wa ń bì lójú ayé. Àwọn tó dúró yí wa ká ò mọ epo pupa rí. Wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n rò pé ẹ̀jẹ̀ ni à ń bì.

Kí ni Bàbá Líù ṣe? Ó mú ṣíbí, ó bù látinú ìkòkò kan náà, ó jẹ ẹ́. Ó tún bù, ó tún jẹ, omi ń dà lójú rẹ̀, ó ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo kà. Ṣé ẹni tó fi májèlé sínú ìkòkò ló máa ń jẹ ẹ́ báyẹn? A rí i, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lọ́jọ́ kejì tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wọn aláṣọ búlúù gbé ìwé wá pé ká fọwọ́ sí i pé alásè fún wa ní májèlé, a fọwọ́ sí i. Ẹ̀rù ń bà wá, a fẹ́ wálé. Orúkọ tèmi náà wà níbẹ̀, mi ò fi pamọ́.

Nínú ọ̀sẹ̀ tó lọ, mo jókòó lẹ́yìnkùlé láàárọ̀, mo ń run orín ata. Orín ata lásán, tí èmi àti ìwọ ti ń run láti kékeré! Bí omi rẹ̀ ṣe kan ètè mi, ètè kú. Ahọ́n gbọ̀n. Sabina, bákan náà gẹ́lẹ́ ni kóró wínníwínní Bàbá Líù ṣe ṣe ẹnu wa! Mo tutọ́ rẹ̀ sọ́wọ́, mo ń wò ó. Láràárọ̀ lẹnu wa ń kú ní Ṣómólú àti Bàrígà, ẹnikẹ́ni ò gbé epo mu. Ìwọ tí ìyá rẹ ń ta orín, ìwọ ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀.

Mo gba ilé Ìyá Ẹgbẹ́ lọ ní Ìgbóbì. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n ní, "Sìmbíátù, ìjọba òyìnbó ò fẹ́ gbọ́ orúkọ Ṣáínà sétí. Tí mo bá tún fi orúkọ mi sínú ìwé tó ń lọ síbẹ̀, wọ́n á gba páásípọ́ọ̀tù mi. Ṣé nítorí alásè kan?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Nítorí alásè kan." Wọ́n ní kí n máa lọ sílé. Mi ò ní purọ́, ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ṣùgbọ́n ìwé lásán ni àwa máa pàdánù, ẹ̀yìn ara rẹ̀ ni Bàbá Líù ń pàdánù lábẹ́ ẹrù.

Ó wá ku ìwọ. Mo ti kọ tèmi, Wàhábì ti yí i sí òyìnbó, mo sì ti di igi orín ata mẹ́ta mọ́ ọn, kí àwọn adájọ́ wọn run ún kí wọ́n fi ẹnu ara wọn rí i. Wàhábì á bá mi fi ránṣẹ́ ní Jímọ̀. Mo fi ibi tí orúkọ rẹ máa wà sílẹ̀ lófo.

Bá mi kí Bàbá Fọlọ́runṣọ́, sọ fún un pé mi ò bínú sí i, mo mọ ẹni tó fi irọ́ yẹn sí i lẹ́nu. Munirat àbúrò mi ti bímọ obìnrin, ó ń retí rẹ. Ọkọ mi ní kí n kí ẹ tọmọtọmọ.

Sabina, o jẹ nínú ìkòkò yẹn, o sì rí òun náà tó ń jẹ nínú rẹ̀. Ṣé o máa fọwọ́ sí i, àbí o ò ní fọwọ́ sí i? Dá mi lóhùn kó tó di Jímọ̀.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tó ṣì ń dúró dè ọ́ ni,
Sìmbíátù.