Koríko Orí Ibojì Ìyá Yín

Gyuseok ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ ní Séòlù. Aládùúgbò wa ló ń bá mi kọ èyí, nítorí n kò fẹ́ kí Miran àbúrò rẹ rí i. Orúnkún ṣì ń dùn mí, ṣùgbọ́n mò ń jẹun.

Iṣẹ́ àbúrò rẹ ń lọ. Àwọn èèyàn ń du aṣọ tó ń fi àjákù sẹ́dà rán, torí òun ni wọ́n fẹ́ fi di ẹ̀bùn ọdún ìkórè. Ní Sọ́ńdè, a lọ sétí òkun. Bí a ṣe débẹ̀ ló tẹ́ aṣọ sórí àpáta, tó ń yà á ní fọ́tò fún àwọn oníbàárà.

Boram ọmọ rẹ̀ ní, "Màmá, ṣé èmi lẹ mú wá ṣeré ni àbí aṣọ?"

"Má bínú, ó ku ẹyọ kan."

"Ẹyọ kan tí ẹ ti ń sọ láti àárọ̀!"

Mo rẹ́rìn-ín. Àbúrò rẹ sunkún.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyí. O pè é, o ní bí kò bá gé koríko orí ibojì ìyá yín kí ọdún ìkórè tó dé gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, kì í ṣe ọmọ gidi. Ọjọ́ ìsinmi kan ló kù fún un. Mo ti ní kó fi gbé Boram jáde, kó má mú aṣọ kankan dání. Ìyá yín ti kú, kò níbi tó ń lọ. Èmi tí mo sin ín ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Boram ló ń dàgbà.

Ìwọ ni ọmọkùnrin. Wọ ọkọ̀ ojú irin, kí o wá gé e. Mo ti pọ́n dòjé. Bá mi ra oògùn orúnkún bọ̀.

Kí ara gbogbo yín le. Bí o kò bá lè wá, má pè é mọ́.

Bàbá rẹ