Orin Tí Èmi Nìkan Ń Gbọ́

Dotgol, nígbà tí ata ń gbẹ lójú títì.

Nari ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé ẹsẹ̀ tó máa ń dùn ọ́ nígbà òtútù ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀, ṣé o ń jẹun? Ìyá rẹ dúró sẹ́yìn mi níbí, ó ní kí n tún bi ọ́ ní ìbéèrè oúnjẹ yẹn torí pé o máa ń fò ó. Ṣé o ń jẹun? Àwọn baba ńlá wa tó sùn sórí òkè lẹ́yìn ilé á máa ṣọ́ ọ ní Seoul yẹn, ibi tí ẹsẹ̀ rẹ bá tẹ̀ kò ní yọ̀. Àwa náà wà. Ata ṣe dáadáa lọ́dún yìí, a sá a láti iwájú ilé wa títí dé iwájú ilé Mansu, ọkọ̀ tó bá ń kọjá ló ń yà fún un. Ajá ti bímọ. Orúnkún ìyá rẹ ṣì máa ń sọ fún wa tí òjò bá fẹ́ rọ̀, ó sì ń sọ òótọ́ ju tẹlifíṣọ̀n lọ.

Ìwé ni mo fi ránṣẹ́ torí pé obìnrin kan ló ń gbé fóònù rẹ báyìí. Ohùn rẹ̀ tutù, ọmọ tí wọ́n kọ́ ni, ó ní o ò sí nítòsí. Mo kí i, mo béèrè àwọn òbí rẹ̀, ohun kan náà ló tún sọ, kò dáhùn ìkíni. Mo fẹ́ bínú, ìyá rẹ ní bóyá ojú ló ń tì í. Tó bá jẹ́ pé ẹ jọ ń gbé yàrá ni, bu díẹ̀ fún un nínú ata tí a fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè máa rán an ní ọ̀rọ̀ tó wà láàárín baba àti ọmọ, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti bírò.

Mo mọ̀ pé o ń bínú sí mi. Nígbà tí o fi orin yẹn ránṣẹ́, àkọ́kọ́ irú ẹ̀ tí iléeṣẹ́ orin yín gbé jáde tó jẹ́ pé ìwọ lo kó ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jọ, mo gbé fóònù mọ́ etí, mo sì sọ fún ọ pé kì í ṣe orin, pé ó dà bí ìgbà tí wọ́n da ọ̀pọ̀lọ́ sínú garawa tí wọ́n sì fi nǹkan dé e. O ní ó dáa, Bàbá. Àtọjọ́ náà ni obìnrin yẹn ti ń gbé fóònù. Chuseok, ọdún ìkórè wa, sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ìyá rẹ ti sọ ọ́ kedere pé tí Nari ò bá wálé ṣọdún, òun ò ní mọ àkàrà ìrẹsì songpyeon kankan, kí èmi àtàwọn baba ńlá mi lọ máa jẹ ìrẹsì àná. Nítorí náà jẹ́ kí n ro ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ọ. Àwọn ibì kan á pa ọ́ lẹ́rìn-ín, bàbá rẹ ni wàá sì máa rín.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí wọ́n ti fi mí ṣe baálẹ̀ abúlé yìí, mi kì í ṣe ìkéde àárọ̀ láìkọ́kọ́ fi orin sí gbohùngbohùn. Kásẹ́ẹ̀tì mi yẹn ni, orin ìgbà tí mo ṣì nírun lórí. Orin tó ní èbúté, tó ní òjò, tó ní ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ, tí ọkùnrin kan ṣoṣo á wọ kóòtù, á dúró gbagidi, á máa sunkún láìgbọn ara. Ẹ̀yin tòde òní, àwọn méje, àwọn mẹ́sàn-án lẹ máa ń kó jáde, ẹnì kan á kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta, á gbé e fún ìkejì bí àwọn tó ń gba pósí rù lọ́wọ́ ara wọn, gbogbo wọn á sì máa fò bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ ní ṣòkòtò. Ta ló wá ni orin náà nínú wọn? Láràárọ̀ ni mo ń sọ èyí nínú máíkì lẹ́yìn orin mi, kí n tó kéde pé ọkọ̀ dókítà ń bọ̀ tàbí pé ìmàdò tún ti wọ oko ọ̀dùnkún. Màá mí kanlẹ̀, màá ní ẹ gbọ́ ohùn, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀, irú ẹ̀ ò sí mọ́.

Mansu ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, Mansu tó ti ń fojú sí ipò baálẹ̀ mi láti ọjọ́ pípẹ́. A ń mu ọtí ìrẹsì ní gbọ̀ngán abúlé, ló bá ní òun gbọ́ orin Nari nínú rédíò ọkọ̀ òun, pé ó wu òun. Inú bí mi. Kí ni Mansu mọ̀, ẹni tó ń bu omi mọ́ ọtí? Mo ní kò burú, ká pe gbogbo ará abúlé, kí wọ́n nawọ́ sókè, èwo ni wọ́n fẹ́, ṣé orin tí baálẹ̀ fi ń jí wọn láràárọ̀ ni àbí ariwo ayé òde òní. Ẹni tó bá pàdánù, kó panu mọ́ títí ayé.

Wọ́n péjọ. Mo gbé kóòtù wọ̀. Mo sọ̀rọ̀, ọmọ mi, mo sọ̀rọ̀ débi pé omi bọ́ lójú èmi alára. Mo wá ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí orin àárọ̀ wa máa bá a lọ nawọ́. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló wà lókè, ọwọ́ mi ni. Mo wo ìyá rẹ, ó ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀. Ìgbà yẹn ni Ìyá Àgbà Okbun, tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún tí kò sì bẹ̀rù ẹnì kankan mọ́ láyé, bi mí pé baálẹ̀, orin wo?

Ó ní láti ìgbà tí a ti gbin ìrẹsì títí di ìsinsìnyí tó ti ń pọ́n, òun ò gbọ́ orin kankan lẹ́nu gbohùngbohùn mi. Ó ní ṣáà-ṣáà ni, bí ìgbà tí epo bá gbóná nínú agbada. Lẹ́yìn náà lohùn mi á jáde pé ẹ gbọ́ ohùn, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀.

Nari, àṣé bẹ́ẹ̀ ni. Orí gbohùngbohùn ńlá ni mo máa ń gbé kásẹ́ẹ̀tì náà sí kó má bàa sọnù, Mansu sì ṣàlàyé pé irin kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń fa irin bíi tiẹ̀ mọ́ra, òun ló lá orin kúrò lára kásẹ́ẹ̀tì. Ó lá a mọ́ tónítóní. Láràárọ̀ ni mò ń tẹ bọ́tìnnì, láràárọ̀ ni mò ń gbọ́ orin náà látòkè délẹ̀, ibi tí fèrè ti wọlé, ibi tí olórin ti mí, mo sì ń mi orí. Inú agbárí mi ni gbogbo rẹ̀ ti ń dún. Odindi abúlé sì mọ̀. Ìyàwó Mansu ní tí epo yẹn bá ti ń dín, òun á mọ̀ pé ó tó àsìkò láti gbé ìrẹsì kaná. Kò sẹ́ni tó fẹ́ dójú tì mí. Mansu fúnra rẹ̀, tó lè torí ẹ̀ gba ipò lọ́wọ́ mi, ó ní àgbàlagbà tó ń gbádùn nǹkan tó báyẹn, ta ni yóò jí i? Mo yíjú sí ìyá rẹ, mo ní ìwọ ńkọ́, o ò lè sọ fún mi? Ó ní òun sọ, òun sọ títí ó sú òun, èmi ni mo máa ń mi orí tí mo máa ń ní ó dáa.

Ojú gbà mí tì. Mo wá nǹkan gbá mú, mo bá yíjú sí Ìyá Àgbà, mo ní kò burú, kásẹ́ẹ̀tì ti kú, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà jù wá lọ, ẹ jẹ́rìí mi, ṣé orin àtijọ́ kọ́ ló dáa jù? Ó rín mi. Ó ní ọmọdé ni mí. Ó ní orin tí mò ń pè ní ti àtijọ́ yẹn, òun ti lọ́mọ lẹ́yìn kó tó dé, ìgbà tí wọ́n gbé rédíò wọ abúlé ni, tí àwọn obìnrin tó máa ń kọrin nínú omi oko ìrẹsì panu dé kí wọ́n lè máa gbọ́ ọkùnrin tó ń sunkún ní èbúté. Ó ní ìyá ọkọ òun káwọ́ lérí nígbà náà, ó ní ayé ti bàjẹ́. Ni ìyá rẹ náà bá rẹ́nu, ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń fẹ́ béèrè, gbogbo ọkùnrin inú orin mi ló ń sunkún bí wọ́n ṣe ń lọ, èwo ló padà sílé nínú wọn? Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n ń gbá ara wọn lẹ́yìn. Mo ti ń wá èyí tó padà nínú wọn láti ọjọ́ náà, mi ò tíì rí i.

Ìyá Àgbà bá ní kí wọ́n dákẹ́, òun fẹ́ kọ ọ̀kan nínú orin oko yẹn. Ó lanu. Mo rí ètè rẹ̀ tó ń lọ. Mo rí ìyàwó Mansu tó fa etí aṣọ, tó ń nu ojú, mo rí Mansu tó sorí kodò, mo rí ìyá rẹ tó gbọ́wọ́ lé àyà. Nari, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo tẹ̀ síwájú, mo fọwọ́ gbé etí dúró, ó dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn gíláàsì. Gbogbo ilé ń sunkún, èmi nìkan ni mo jókòó síbẹ̀ nínú kóòtù bí àlejò. Ẹ̀rù bà mí, mi ò purọ́ fún ọ. Mo ní tí mi ò bá gbọ́ èyí, kí gan-an ni mo gbọ́ lọ́jọ́ tí mo ní orin ọmọ mi kì í ṣe orin?

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo ní kí ìyá rẹ mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà etí. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù, ó béèrè ohun tí mo rò pé ó fa àìsàn náà, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé agídí ni. Wọ́n mú mi wọ yàrá kékeré kan, wọ́n ní kí n máa tẹ bọ́tìnnì tí mo bá ti gbọ́ ohùn. Mo ń tẹ̀ ẹ́ kíkan-kíkan kí n má bàa fìdí rẹmi. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ní kí n rọra, òun ò tíì fi ohùn kankan sí i.

Nǹkan kékeré bí ẹ̀wà tí dókítà fún mi láti máa fi gbọ́ràn ló wà létí mi báyìí. Mo ń gbọ́ ẹ̀fọ́ kimchi bó ṣe ń rún láàárín eyín ara mi. Mo gbọ́ pé ẹ̀rọ báńkì máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi tí mo bá gbowó tán, láti ọjọ́ tó ti ń dúpẹ́ mi ò dá a lóhùn rí, mo ti tẹrí ba fún un. Mo gbọ́ ohùn tèmi náà, àṣé igbe ni mò ń ké. Gbogbo ọ̀rọ̀ Mansu tí mo ń sọ sí ìyá rẹ létí láti ọdún yìí wá ni Mansu ti gbọ́, ó sì ń bá mi mutí.

Mo wá lọ jókòó lẹ́yìn ilé, mo fi orin rẹ sí i. Ó ní ọ̀rọ̀ nínú. Ọmọ kan ló ń pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù. Ó ní òun ti jẹun, bàbá ní ó dáa. Ó ní òtútù ń mú, bàbá ní ó dáa. Ó ní ó ti rẹ òun, òun ò mọ̀ bóyá òun lè ṣe é mọ́, bàbá ní ó dáa, ó dáa, ó sì já fóònù. Mo gbé fóònù sílẹ̀. Ìyá rẹ jáde, ó bi mí pé kí ló dé, mo ní ata ló kó sí mi lójú.

Ká sọ òótọ́, ìlù rẹ̀ ò tíì wọ̀ mí lára, ó ṣì ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹni ò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Òun ni mò ń fi jí abúlé báyìí, Ìyá Àgbà sì ní ó yá ju epo lọ. Mansu kọ́ mi pé àwòrán ọkàn kékeré kan wà lábẹ́ orin náà nínú fóònù tí èèyàn máa ń tẹ̀ tó bá fẹ́ràn rẹ̀. Mo ń tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, á pọ́n, mo tún ń tẹ̀ ẹ́ lálẹ́, á funfun padà, mo sì mọ̀ pé pupa yẹn ti dé ọ̀dọ̀ rẹ nìyẹn. Mi ò pa ọjọ́ kan jẹ.

Jọ̀wọ́, tí ọwọ́ rẹ bá dẹ̀, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún bátìrì ẹ̀wà etí yìí, ó ń jẹun ju ajá tó ń fọ́mọ lọ́mú lọ. Tí kò bá sì sí, má yá owó nítorí rẹ̀, màá máa yọ ọ́ tí Mansu bá ń sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ á tà, ẹni tó máa gbọ́ ọ kò ní wọ́n ọ láyé, o ò ní dá nìkan sunkún nílùú onílùú, àwọn tó wà lórí òkè á tì ọ́ lẹ́yìn.

Wálé ṣe Chuseok. Ìyá rẹ ti rẹ ìrẹsì sílẹ̀, ó ní kì í ṣe nítorí èmi. Tí o bá dé, jókòó tì mí, sọ bó ṣe ń ṣe ọ́ fún mi, o lè sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Tí o bá ní ó ti rẹ̀ ọ́, mi ò ní sọ pé ó dáa.

Èmi ni bàbá rẹ,
Gu Bongchil,
baálẹ̀ Dotgol, bí wọn ò bá tíì fi Mansu rọ́pò mi kí lẹ́tà yìí tó dé.