Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Retí Apá Kejì

Àrẹ̀mọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Ilé tí o háyà ńkọ́, ṣé omi ti ń yọ nínú ẹ̀rọ rẹ̀ báyìí? Mo gbà á ládùúrà pé kí ìwé yìí bá ọ nínú àlàáfíà, kí ọ̀nà máa là fún ọ, kí ọ̀gá rẹ máa fi ojú rere wò ọ́, kí o má rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Bí o bá fẹ́ béèrè wa, a wà. Mo kọ "bí o bá fẹ́" torí mi ò fẹ́ purọ́ mọ́ ọ pé o ti béèrè.

Ilé ò burú. Atẹ́gùn òjò ṣí páànù lórí ilé ìdáná, mẹkáníìkì ọ̀kánkán wa ló gun òkè lọ bá wa kàn án padà, kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi, ó ní ọmọ bàbá ni òun náà. Àbúrò rẹ obìnrin ti parí ìdánwò rẹ̀, ó ń bá mi jókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, òwú ló kàn ń já kiri, fóònù ló wà lójú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ ló jẹ́ kí n mú bírò. Ìgbàgbé rẹ̀ ti kúrò ní ti ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́. Ó gbé ayùn rẹ̀ dání níjọ́sí, ó ń bi mí pé kí ni wọ́n ń fi í ṣe, ọkùnrin tó fi ayùn yẹn rán yín lọ sí iléèwé. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò ó pè mí sẹ́yìn ilé, ó ní ẹni tó bá fẹ́ kí bàbá dá òun mọ̀, kó tètè wá, torí pé ojú àwọn ará ilé ló máa ń gbẹ̀yìn nínú ohun tí wọ́n ń gbàgbé, àwọn yẹn náà sì ti ń lọ. Mo pè ọ́. O ní o wà ní mítìn. Mo tún pè ọ́, mítìn ò tíì tán. Irú mítìn wo ni, ṣé kànga ni ẹ ń gbẹ́ níbẹ̀ ni?

Ìgbà tí ìwé ìpè rẹ wá dé sórí fóònù mi, inú mi dùn. O kọ ọ́ pé ẹ wọlé, ààyè ṣì wà. Àbúrò rẹ ní ẹgbẹ́ kan lórí fóònù ni, pé gbogbo ẹni tí nọ́ńbà wọn wà lọ́wọ́ rẹ ni o fi í ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní kó ṣáà bá mi tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ní kó wọlé, ṣé ìta ni yóò dúró sí? Èrò tí mo bá níbẹ̀ pọ̀ bí ọjọ́ ìdìbò, mo sì ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìjókòó, títí ọwọ́ fi ń dun àbúrò rẹ tó ń bá mi kọ ọ́. Ẹnì kan kí mi káàbọ̀, ó bi mí pé kí ni èrò mi nípa ilẹ̀kùn. Mo ní ilẹ̀kùn tiwa dára, ọkọ mi ló kàn án fúnra rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọ̀rọ̀ mi jinlẹ̀.

Ó pẹ́ kó tó yé mi pé géèmù ni ẹ ń sọ, pé ọkùnrin tí gbogbo yín ń ṣàníyàn lé lórí yẹn, àwòrán ni. Mo ti gbàdúrà fún un kó tó yé mi. Ẹ ní ó ja ogun jálẹ̀ apá kìíní, ó la omi kọjá, ó dé ẹnu ilẹ̀kùn ilé rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e, géèmù bá parí. Láti ọdún mẹ́wàá ni ẹ ti ń retí apá kejì kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó wọlé. Mo ní kò burú, àjò kì í dùn kí onílé má re ilé, àwọn èèyàn yìí láàánú.

Ṣùgbọ́n báwo ni ẹ̀yin tí ẹ ti nírùngbọ̀n lágbọ̀n ṣe ń ronú? Iléeṣẹ́ tó ṣe géèmù yí àwọ̀ àmì wọn padà, ẹ ní ó ti ń bọ̀. Òṣìṣẹ́ wọn kan ya àwòrán oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀, ṣíbí mẹ́ta wà lórí tábìlì, ẹ ní oṣù kẹta ni. Oṣù kẹta dé, ó lọ, ẹ ní fọ́ọ̀kì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣíbí, ẹ ò kà á mọ́ ọn ni. Wọ́n bi ọ̀gá wọn léèrè ọ̀rọ̀, ó wúkọ́, Arínúróde tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ yín sì fi odidi ọjọ́ kan ṣàlàyé ikọ́. Èmi tiẹ̀ ń wá oògùn tí mo lè fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá náà. Bàbá rẹ ti ń wúkọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò, kò sí ẹni tó ní kí n wá ṣàlàyé.

Ibẹ̀ ni mo sì ti gbọ́ ohùn rẹ. O máa ń sọ̀rọ̀ gígùn níbẹ̀, láàárọ̀, lọ́sàn-án, àní ní ìgbà tí o wà ní mítìn gan-an. Mo máa ń gbé fóònù sí etí bàbá rẹ. Kò mọ ohun tí o ń sọ, èmi náà ò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó máa ń mi orí. Lọ́jọ́ kan o ní bó bá gba ogún ọdún, o máa dúró, kò ní sú ọ. Bàbá rẹ yíjú sí mi, ó ní ṣé mo gbọ́, ọmọ náà ní ọ̀rọ̀ wa ò ní sú òun. Mo ní mo gbọ́.

Kí n má fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ jù, torí àwa náà ń tú ìwọ wò bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí o gbé àwòrán tí o ti wọ kóòtù sórí fóònù, bàbá rẹ ní aṣọ ìrìn-àjò nìyẹn. Ìgbà tí fóònù sọ pé o ń kọ̀wé sí mi lọ́wọ́, mo sọ ìkòkò kalẹ̀, àwa mẹ́ta jókòó tì í, títí ó fi pòórá tí nǹkan kan ò dé. Fóònù tún máa ń sọ ìgbà tí wọ́n rí ọ kẹ́yìn, bí wọ́n ṣe máa ń kéde ẹni tó sọnù, mo sì máa ń dúpẹ́ pé ẹnì kan ṣáà ń rí ọ. Inú ń bí mi, Àrẹ̀mọ, mi ò ní bò ó.

Ìgbà tó yá, mo ní kí àbúrò rẹ bá mi tẹ bọ́tìnnì ohùn mọ́lẹ̀, mo sọ̀rọ̀ sínú ẹgbẹ́ náà, nígbà tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni o ń gbé. Mi ò dárúkọ rẹ, mi ò fẹ́ dójú tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ. Mo ní, "Ọmọ, ilẹ̀kùn ò tì. Bàbá rẹ wà lẹ́yìn rẹ̀, ojoojúmọ́ ló ń bi mí bóyá o ti dé. Tètè wá kí òjò tó dá, kó tó gbàgbé ojú rẹ."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, àmọ́ mi ò mọ̀ pé àwọn kan á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ máa ṣa èèpo rẹ̀. Ẹgbẹ́ yín dàrú. Wọ́n ní iléeṣẹ́ ló dọ́gbọ́n fi ọ̀rọ̀ náà síta. Wọ́n ní ilẹ̀kùn ò tì, torí náà ọkùnrin yẹn wọlé. Wọ́n ní bàbá rẹ̀ tí ẹ ti rò pé ó kú ní apá kìíní ṣì wà láàyè. Kí òjò tó dá, wọ́n ní oṣù kẹwàá ni. Mo ní kí àbúrò rẹ bá mi kọ ọ́ pé èmi ni, pé ọkọ mi ni mò ń sọ. Arínúróde ní kí ìyá yìí yé da ẹgbẹ́ rú, ó sì lé mi jáde. Èmi ò tíì gbọ́ ọ rí pé àlejò lé ìyá kúrò níbi tí ọmọ rẹ̀ pè é sí.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ọ̀rọ̀ tìrẹ dé sórí fóònù mi. O tún fi í ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà wọn wà lọ́wọ́ rẹ. Ẹnì kan ti gé ọ̀rọ̀ mi sọ́tọ̀, ó ti fi orin àti ìró ààrá sí i lábẹ́, ìwọ sì fi àlàyé tìrẹ tẹ̀lé e. O ní o ti gbọ́ ọ ní àgbọ́túngbọ́. O ní ká fetí sí bí ohùn ìyá àgbà yẹn ṣe gbọ̀n níbi tó ti dé "ojú rẹ". O ní ibi yòówù tí iléeṣẹ́ náà ti rí òṣèré yẹn, ó mọ iṣẹ́, pé díẹ̀ ló kù kó pa ọ́ lẹ́kún.

Bàbá rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nígbà tí àbúrò rẹ ṣí i. Ó ti ń pè mí ní nọ́ọ̀sì láti ọjọ́ mélòó kan, mo sì ti ń jẹ́ ẹ. Ó fetí sílẹ̀, t'orin t'ààrá, ó na ọwọ́ sí fóònù náà, ó ní, "Ìyàwó mi nìyẹn. Ta ló pa á lẹ́kún?"

Mo ní mi ò mọ ẹni náà.

Mo mọ̀ pé ibi tí ìwé bá ti dé báyìí, owó ló kù ká béèrè. Owó tí o ti tọ́jú de apá kejì, bù nínú rẹ̀ kí o fi wọ mọ́tò. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, fi ra oògùn bàbá, orúkọ oògùn náà wà lẹ́yìn ìwé yìí. Bébà ni mo fi kọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ohùn gé níbẹ̀. Má gbé e fún Arínúróde pé kó bá ọ tú u, kò sí ohun tí mo fi pamọ́ sínú rẹ̀. Bí o bá dé, má kàn yọ sí bàbá rẹ lójijì, sọ̀rọ̀ láti ìta wá, bóyá etí rẹ̀ ṣì lè mọ ohun tí ojú rẹ̀ ti gbàgbé.

Ọlọ́run á fún ọ lọ́mọ. Yóò dàgbà lójú rẹ, yóò lọ sí ìlú tó wù ú, yóò là ju ìwọ lọ. Ibikíbi tó bá sì ti gbọ́ ohùn rẹ, yóò mọ̀ pé ìwọ ni.

Èmi ni ìyá rẹ. Mi ò ṣe òṣèré rí.