Gbòǹgbò Tí Kò Yọ Ẹnu

Ajé, 3 Òkúdù 2024

Mo mú kí jíìnì kan sùn lónìí, kó má ṣiṣẹ́ mọ́. Koríko kan ló ni ín, olódòdó àlùkò, tó máa ń fara pamọ́ sábẹ́ ilẹ̀ mu oje àgbàdo títí àgbàdo á fi gbẹ. Kuinónì, nǹkan kan tó ń sun láti ara gbòǹgbò àgbàdo, ló ń pè é. Jíìnì yìí ló ń ṣe ẹ́ńsáìmù tó ń yí kuinónì náà padà. Ibẹ̀ ni koríko ti ń mọ̀ pé oúnjẹ dé, tí gbòǹgbò rẹ̀ á yọ ẹnu. Bí jíìnì bá wá sùn ńkọ́? Ogójì àwo lábù, koríko àti àgbàdo nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan — ogún sùn, ogún ò sùn.

Ìṣẹ́gun, 4

Òjò ní Yábàá láti àárọ̀. Ó ń ṣe mí bíi pé èmi náà wà lábẹ́ ilẹ̀, tí mo ń gbọ́ tí nǹkan ń sun.

Ọjọ́bọ̀, 6

Mo rí i! Gbòǹgbò funfun, tín-ín-rín bí òwú, ó fara ti gbòǹgbò àgbàdo, kò bù ú jẹ. Méjìdínlógún nínú ogún tó sùn ni kò yọ ẹnu. Àwọn ìyókù wú roboto, wọ́n hurun wẹ́wẹ́. Ọ̀gá Dòdò — Dókítà Oyèníran tó ń darí iṣẹ́ mi, kì í jẹ nǹkan míì lọ́sàn-án — rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní, "Jemimah, ìwọ lo máa gbé e kalẹ̀ ní àpérò Ìbàdàn lọ́jọ́ kẹtàlá." Mo fẹsẹ̀ rìn délé n'Ípọ̀nrí. Mi ò mọ ìgbà tí mo kọjá Ojú Ẹlẹ́gbà.

Ẹtì, 7

Mi ò lè jẹun.

Àbámẹ́ta, 8

Kí n kọ ọ́ síbí. L'Ọ́jọ́rú, éésì kán omi sórí àwọn àwo mi. Ohun tí mo fi máàkà kọ sára wọn parẹ́. Àwo mẹ́sàn-án ò lórúkọ mọ́. Mo fi orí ara mi tún un kọ, èyí tó sùn àti èyí tí ò sùn. Ó dá mi lójú nígbà yẹn.

Àìkú, 9

Mo pe Sàúdátù, a jọ ń ṣiṣẹ́ ní lábù ni. Ó ní, "Jẹ́mí, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ o. Abẹ̀g, máa lọ Ìbàdàn ẹ." Ó tún ní, "Àmọ́ ìwọ máa mọ̀."

Mo lálàá. Oko gbọọrọ. Àgbàdo ń pè mí, orúkọ tí wọ́n ń pè kì í ṣe tèmi.

Ajé, 10

Mi ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀ níwájú Ọ̀gá Dòdò. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwo mẹ́sàn-án ò dá mi lójú." Ó ní ta ló rí mi. Mo ní kò sẹ́nì kankan. Ó fa bírò, ó pa orúkọ mi rẹ́ nínú ètò Ìbàdàn. "Dìde. Tún un ṣe." Ìyẹn nìkan.

Ọjọ́bọ̀, 13

Ẹlòmíì ló wà lórí pèpéle n'Íbàdàn.

Ẹtì, 14

Ogójì àwo tuntun. Sàúdátù fi nọ́ńbà rọ́pò orúkọ wọn. Òun nìkan ló mọ èyí tó sùn.

Àìkú, 16

Iléyá. Èmi nìkan ló wà ní lábù. Ìdákẹ́jẹ́ náà dùn, bí ìgbà téèyàn léfòó lórí omi.

Ọjọ́rú, 19

Mo ka gbogbo àwo náà tán kí Sàúdátù tó ṣí ìwé tó kọ nọ́ńbà wọn sí. Ọ̀gá Dòdò dúró lẹ́yìn wa. Sàúdátù ń kà á jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú ogún tó sùn, mẹ́tàdínlógún ò yọ ẹnu. Nínú ogún tí ò sùn, ẹyọ kan péré ni ò yọ ọ́.

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀, ó fojú sí màíkíróskóòpù. Ó ní, "Tó o bá ń kọ ìwé ìwádìí ẹ, kọ ọ̀rọ̀ àwo mẹ́sàn-án yẹn sí i."

"Gbogbo ẹ̀, sà?"

"Gbogbo ẹ̀. Kí wọ́n lè gbà ọ́ gbọ́."

Nígbà tí mo yíjú padà, Sàúdátù ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún ju èmi lọ.